Ohun tó yẹ kí ẹni tó jẹ́ SS máa ṣọ́ tó bá ti ń sún mọ́ ogójì ọdún

Nígbà tí ẹni tó ní fòní-kú-fọ̀la-dìde (gẹ́nótáìpù SS) bá wà ní kékeré, ìrora egungun ni gbogbo ilé ń bẹ̀rù. Bó bá ti ń dàgbà, ìrora náà lè rọlẹ̀ fáwọn kan, kí àwọn ará ilé sì máa dúpẹ́ pé ó ti tán. Kò tán o. Kíndìnrín, ojú àti oríkèé ìbàdí ló kù tó ń jẹ lábẹ́lẹ̀.

Orí kíndìnrín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò bóyá albumin (èròjà ara tí kò yẹ kó máa bá ìtọ̀ jáde) ń bá a jáde, kí wọ́n sì yẹ creatinine (ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń sẹ́ kúrò) wò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí creatinine tó dára nìkan fi yín lọ́kàn balẹ̀, torí pé ó sábà máa ń kéré lára SS, kódà nígbà tí kíndìnrín ti ń bàjẹ́. Ìtọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí.

Oògùn tó sì ń dá kún ìbàjẹ́ náà ni ibuprofen àti diclofenac, pàápàá èyí tí wọ́n ń pò mọ́ oògùn mìíràn sínú ọ̀rá kékeré ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Bí ìrora kò bá le, ẹ lo paracetamol 500 mg méjì ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kó má ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Bí kò bá ràn án, dókítà ló ń kọ èyí tó lágbára jù ú lọ. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Kíndìnrín SS kì í lè dá omi dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jí tọ̀ lóru. Ọ̀pọ̀ a wá pa omi tì láti ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n lè rí oorun sùn. Òun gan-an ló máa ń jẹ́ kí ìrora gbé wọn dè kílẹ̀ tó mọ́. Lítà mẹ́ta lóòjọ́ ni: omi inú ọ̀rá 50 cl, mẹ́fà. Ẹ gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lásìkò ọyẹ́, tí ètè ń ya ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ fi ọ̀kan kún un, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, dókítà ni kó bá a wọn tirẹ̀.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sábà máa ń rẹlẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Bó bá ti ń kọjá 130/80, ẹ fi han dókítà, kódà bí wọ́n bá ní kò tíì burú.

Ẹ̀jẹ̀ wọn kéré nítorí pé ó tètè ń fọ́, kì í ṣe nítorí àìtó irin. Ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra, irin lè ti kó jọ sí ẹ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà kó yẹ ferritin (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi iye irin inú ara hàn) wò kó tó mu tọ́níìkì kankan. Folic acid 5 mg kan lóòjọ́ ni tiwọn. Gbẹ̀gìrì àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà dára. Ibà kì í sì í ṣeré pẹ̀lú SS (AS ló ní ààbò díẹ̀ sí i), ẹ máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì.

Ojú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pàápàá ẹni tó jẹ́ SC (oríṣi fòní-kú-fọ̀la-dìde mìíràn). Wọn yóò kán oògùn sí i tí yóò jẹ́ kí ó ṣú fún wákàtí díẹ̀, ẹ má fi ọ̀kadà gbé ara yín dé ibẹ̀. Tí itan bá ń dùn yín níbi tó ti so mọ́ abẹ́, tí ẹ ń tiro, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò egungun ìbàdí. Fọ́tò àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan kan hàn, MRI (ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya inú ara) ló máa ń tètè rí i. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dunni la fi ń mú ọ̀pá.

Lálaalẹ́, ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀. Ibi tí ẹ̀fọn jẹ lè di egbò àdáàjinná. Omi iyọ̀ àti báńdéèjì mímọ́ ni, ẹ má tú kápúsù sí i.

Ara gbígbóná tó dé 38°C, àyà dídùn pẹ̀lú èémí tó ń ṣe gúlegúle, ẹnu tó wọ́, okó tó le ju wákàtí mẹ́rin lọ: LAUTECH Teaching Hospital tàbí ilé ìwòsàn Bowen, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi káàdì kan sínú pọ́ọ̀sì, tí ẹ kọ gẹ́nótáìpù, irú ẹ̀jẹ̀, oògùn àti PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) tó máa ń wà lára yín nígbà tí ara yá sí. Dókítà tí kò mọ̀ pé PCV 24, bí àpẹẹrẹ, ni ti yín lójoojúmọ́ lè fa ẹ̀jẹ̀ tí ẹ kò nílò sí yín lára.