Wọ́n Já A Láìpọ́n: Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Mí Nípa Fóònù Tuntun

Ẹ̀gbẹ́ Tákíé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Kì í pé ọjọ́ méjì kí ẹnìkan tó gbé fóònù tí kò tíì lò lóṣù mẹ́ta wá, á ní, “Ẹnjiníà, ẹ bá mi wò ó, tuntun ni o.” Mo gbọ́. Tuntun tó jẹ́ yẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Ẹnu ti ń ro mí, ìdí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí.

Fóònù mi ń dúró gbagidi.
Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Ẹ ò tíì pa á rí látìgbà tí ẹ ti rà á, àbí? Mo mọ̀.

Update kọ̀, kò wọlé.
Update ni àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sínú fóònù yín. Àyè ò sí nínú fóònù láti gbà á. Ẹ pa fídíò òde ìgbéyàwó èṣí rẹ́.

Bátìrì ń yára tán látìgbà tí mo ṣe update.
Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì mẹ́ta, ó ṣì ń to ilé rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ni. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo ápù tó ń jẹ bátìrì nínú Settings. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ń wú, ẹ má fi ṣáàjì mọ́, ẹ má sì gún un. Ní oṣù kẹjọ 2016 ni Samsung gbé Galaxy Note 7 jáde. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, wọ́n ti dá a dúró pátápátá, nítorí bátìrì rẹ̀ ń gbiná.

Ṣé kí n ṣe update lọ́jọ́ tó bá jáde?
Rárá o. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ní 2014, Apple gbé update iOS 8.0.1 jáde, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì bọ́ lórí iPhone 6 àwọn tó sáré gbé e wọlé. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n kó o nílẹ̀. Ní 2018, update Windows 10 ti kọ̀ǹpútà, ti oṣù kẹwàá, pa fáìlì àwọn èèyàn kan rẹ́, ni Microsoft bá dá a dúró. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tó bá jẹ́ ńlá. Kékeré ti ààbò, ẹ má fi falẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń tà á nígbà tí kò tíì dáa?
Nítorí wọ́n lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó. Kásẹ́ẹ̀tì géèmù ayé ọjọ́un, bó bá ti kúrò nílé iṣẹ́, ó parí; ẹni tó ṣe é kò lè wá bá yín ní Òwódé kó wá tún un ṣe. Ìlú máńgòrò la wà, a mọ èyí tí wọ́n já láìpọ́n torí pé ọlọ́jà ń kánjú. Gmail gbé orúkọ beta kiri láti 2004 títí di 2009, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé kò tíì parí. Fóònù tí ẹ fowó ńlá rà, ta ló kọ nǹkan sí i?

Tí mo bá ń pe èèyàn, ojú fóònù á ṣókùnkùn, kò ní tàn mọ́.
Ẹ yọ gíláàsì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn wò. Bó bá tàn, ó dàbọ̀. Bí kò bá tàn, ẹ jókòó.

Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ṣábó gbé tiwọn wá. Bí wọ́n bá pe èèyàn tán, wọn ò rí ibi tí wọ́n máa tẹ̀ kó pa, owó á sì máa lọ. Mo ní kò le, sensor tó ń mọ̀ pé fóònù wà létí ló dọ̀tí. Mo nu ibẹ̀. Kò gbọ́. Mo lọ ra ojú fóònù tuntun n’Ìbàdàn, mo pààrọ̀ rẹ̀. Kò gbọ́. Màmá ti ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ jí fóònù wọn. Lọ́jọ́ kẹta, mo tú u délẹ̀ pé kí n yọ sensor yẹn kí n fi òmíràn síbẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wá a títí. Kò sí níbẹ̀! Ilé iṣẹ́ ò fi í sí i rárá. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni pé kí spíkà etí máa ju ohùn tí etí wa ò lè gbọ́ síta, kí máìkì máa gbọ́ bó ṣe ń padà, kí fóònù wá máa méfò bóyá orí èèyàn wà nítòsí. Ọgbọ́n gidi ni, bó bá jinná. Ti màmá ò jinná. Kí oṣù yẹn tó parí, ọmọ yunifásítì méjì láti àdúgbò Under G gbé irú fóònù yẹn wá, àrùn kan náà. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi tó balẹ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ mi ló ba nǹkan jẹ́.

Mo wọ Accessibility nínú Settings, mo ṣí èyí tó ń jẹ́ kí bọ́tìnnì tí a fi ń pa fóònù máa pa ìpè. Òun ni màmá lò fún bí oṣù méjì kí update tó wò ó sàn tó dé. Update yẹn jẹ dátà wọn tán. Wọ́n ní ta ló máa san án. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ojú fóònù tí mo rà n’Ìbàdàn, èmi ni mo gbé gbèsè rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun lè fi kọ̀ǹpútà flash ẹ̀, ìyẹn ni pé kó tún ètò inú fóònù kó sí i látìbẹ̀rẹ̀.
Kó kọ́kọ́ flash tiẹ̀ ná. Bí wáránti bá ṣì wà, ẹ gbé e padà síbi tí ẹ ti rà á kí ẹnikẹ́ni tó fi irin kàn án, títí kan èmi náà. Ẹ mú rìsíìtì dání. Bí rìsíìtì bá ti sọnù, ẹ máa gbé e bọ̀, aago mẹ́sàn-án ni mo ń ṣí.