Bí Mo Ṣe Kọ Ìtàn Ìfẹ́ Inú Ayé Idán Dé Òpin

Òfin ni mo kọ́kọ́ kọ, kí n tó kọ orúkọ ẹ̀dá ìtàn kankan. Kò gùn rárá. Ní ayé yìí, ẹ̀jẹ́ tí èèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ yóò di okùn tín-ín-rín mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ́ náà, okùn yóò máa fún un títí ọwọ́ yóò fi rọ. Àwọn atúkùn wà tí wọ́n lè tú u, ṣùgbọ́n atúkùn yóò gbàgbé ẹni tó tú okùn fún pátápátá, bí ẹni tí kò rí i rí.

Ó lè ya èèyàn lẹ́nu pé ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn ìfẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin àti obìnrin. Èrò tèmi nípa irú ìtàn yìí ni pé bí a bá lè yọ idán kúrò nínú rẹ̀ kí ìfẹ́ sì máa lọ bó ṣe ń lọ, aṣọ àríyá lásán ni idán náà. Bí a bá sì lè yọ ìfẹ́ kúrò kí ogun àti ìrìn-àjò inú rẹ̀ má yẹ̀, ìtàn akọni la kọ. Ohun tí kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè fẹ́ ara wọn gbọ́dọ̀ jáde láti inú òfin ayé tí wọ́n ń gbé. Ọ̀tá tó ń halẹ̀ láti òkèèrè kò tó. Èdè-àìyedè kò tó rárá. Èmi a máa pa ìwé dé nígbà tí mo bá ti rí i pé bí àwọn méjèèjì bá jókòó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ìtàn parí.

Inú ohun tí mo gbọ́ àti ohun tí mo kà ni òfin náà ti wá. Láti kékeré ni mo ti mọ àlọ́ ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ, tó wá tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin kan wọ inú igbó. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni ín, ó dá ẹsẹ̀, ó dá apá, ó dá awọ ara, títí ó fi ku agbárí nìkan. Amos Tutuola lo àlọ́ náà nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1952. Nígbà tó yá ni mo ka ìtàn Psyche, tí Apuleius kọ ní ọ̀rúndún kejì. Madauros ni wọ́n ti bí Apuleius, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlgéríà lónìí. Òru nìkan ni ọkọ Psyche máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ wo ojú òun. Àwọn ẹ̀gbọ́n Psyche tì í, ó tan fìtílà, epo gbígbóná kán sí ọkọ lára, ọkọ bá fò lọ.

Mo fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ń rò ó. Ọmọbìnrin inú àlọ́ pẹ́ kó tó mọ ẹni tó tẹ̀lé. Psyche fẹ́ mọ̀, mímọ̀ náà sì ná an ní ọkọ. Mo wá bi ara mi pé, bó bá jẹ́ pé gbígbàgbé ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ńkọ́? Bí obìnrin kan bá lè gba ẹni tó fẹ́ sílẹ̀, àmọ́ tí gbogbo ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò pòórá lójú ẹsẹ̀? Nígbà tí mo rí ìbéèrè yẹn, mo mọ̀ pé mo ti rí ìwé.

Lẹ́yìn èyí, àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò ṣòro rí. Atúkùn ni Àṣàkẹ́. Ó ti tú okùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì ń rìn láàárín ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n tí òun kò mọ ẹnì kan. Wọ́n á kí i lójú ọ̀nà, wọ́n á dúpẹ́, òun á sì dá wọn lóhùn bí ẹni ń kí àlejò. Ibẹ̀ ni ìwà rẹ̀ ti wá: kì í béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Lánrewájú ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú bàbá rẹ̀ tó ń kú lọ, pé òun kò ní fẹ́ ènìyàn kankan ju ìlú òun lọ. Ọmọdé ni nígbà náà; okùn náà kò dí i lọ́wọ́. Ìgbà tó pàdé Àṣàkẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Mo fẹ́ràn apá yìí gan-an nítorí ó gbà mí lọ́wọ́ àlàyé. N kò ní láti sọ pé ìfẹ́ ń pọ̀ sí i, òǹkàwé ń wo ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà.

Kí n tó kọ orí kankan, mo fa ìlà sí àárín bébà. Lápá òsì ni mo kọ ohun tí okùn ṣe nínú orí náà sí, lápá ọ̀tún ni mo kọ ohun tí ọ̀kan nínú wọn mọ̀ nípa ẹnìkejì tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí. Orí tí apá kan rẹ̀ bá ṣófo, n kò kọ ọ́. Ìran kan wà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń lé wọn kiri lórí òrùlé. Eré sísá náà dùn, apá ọ̀tún sì ṣófo gedegbe. Mo gbé ìjẹ́wọ́ kan tí mo ti pète fún orí míì wá síbẹ̀: Àṣàkẹ́ sọ níbi tí wọ́n sá pamọ́ sí pé ìyá tó bí òun wà lára àwọn tí òun ti gbàgbé. Láti ìgbà náà, eré sísá yẹn kò ṣeé yọ mọ́.

Ìran tó ṣe kókó jù nínú ìdajì àkọ́kọ́ ni mo kọ ṣáájú àwọn ìran yòókù, kí n lè mọ ibi tí mò ń lọ:

“Ó ti wọ ẹran,” Àṣàkẹ́ wí.

“Ó ti pẹ́.”

“Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?”

Lánrewájú fa apá ẹ̀wù rẹ̀ bò ó. “Ìgbà tí o béèrè orúkọ mi.”

Kò sẹ́ni tó pe ìfẹ́ lórúkọ níbẹ̀. Mo pinnu pé wọn kò ní pè é títí ìwé yóò fi kọjá ìdajì, nítorí irú òǹkàwé tó ń ka ìwé báyìí fẹ́ràn kí ó pẹ́, kí ó máa dùn ún díẹ̀díẹ̀.

Ní ti àkókò, àárọ̀ kùtù ni mo ń kọ̀wé, kí iṣẹ́ oòjọ́ tó gbà mí. Gbogbo òǹkọ̀wé ló ní ìmọ̀ràn lórí èyí. Anthony Trollope, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀, tó jáde ní 1883, pé aago 5:30 àárọ̀ ni òun máa ń jókòó, pẹ̀lú aago níwájú òun, tí òun sì ń retí 250 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó dá NaNoWriMo, ìpèníjà ìwé ìtàn kíkọ, sílẹ̀ ní 1999 ní tiwọn ní kí èèyàn kọ 50,000 ọ̀rọ̀ láàárín oṣù kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 1,667 lójúmọ́. Mo lo aago Trollope fún àwọn ìran ìrìn-àjò àti ìjà, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Níbi tí àwọn méjì bá ti jókòó sí iyàrá kan, mo pa aago tì. Ìlà mẹ́rin tí mo kọ sókè yìí gba gbogbo àárọ̀ kan, owó rẹ̀ kò sì wọ́n lójú mi. Ohun kan tó ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé mo máa ń dáwọ́ dúró láàárín ìtàkùrọ̀sọ, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti béèrè ìbéèrè tí ẹnìkejì kò tíì dáhùn. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ mìíràn lọ́sàn-án, ìdáhùn náà á máa wá fúnra rẹ̀, mo sì ń gbà á sílẹ̀ sórí fóònù.

Òpin ìtàn ló le jù. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ní Amẹ́ríkà, Romance Writers of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ka nǹkan méjì sí ìpìlẹ̀ irú ìtàn yìí: kí ìfẹ́ wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀, kí òpin rẹ̀ sì tẹ́ òǹkàwé lọ́rùn kí ó ní ìrètí. Mo gba èyí tọkàntọkàn. Àwọn kan ń fojú kéré rẹ̀, wọ́n ní ó sọ òpin di mímọ̀ ṣáájú. Òótọ́ ni pé òǹkàwé mọ̀ pé wọn yóò fẹ́ra. Kò mọ bí yóò ṣe ṣeé ṣe, iṣẹ́ tèmi sì nìyẹn. Òfin tí mo ti ṣe kò fi ààyè sílẹ̀. Bí Àṣàkẹ́ kò bá tú okùn, ọwọ́ Lánrewájú á rọ. Bó bá tú u, ó gbàgbé rẹ̀. N kò sì fẹ́ kí òrìṣà tàbí ọba kan yọ jáde ní orí tó kẹ́yìn wá fagi lé òfin náà, ìrẹ́jẹ nìyẹn.

Ọ̀nà àbáyọ wá láti inú ìbéèrè tí òfin náà kò dáhùn: bó bá jẹ́ pé ènìyàn méjì ló fa okùn kan náà ńkọ́? Gbèsè náà yóò pín sí méjì. Lánrewájú fi ọwọ́ tó kù fa apá kan, Àṣàkẹ́ fa ìkejì, olúkúlùkù wọn sì pàdánù ìdajì ohun tó mọ̀ nípa ẹnìkejì rẹ̀. Ohun tí èyí gbàgbé, tọ̀hún ń rántí rẹ̀. Orí tó kẹ́yìn jẹ́ àwọn méjèèjì tí wọ́n ń sọ ìtàn ara wọn fún ara wọn, wọ́n sì ń jiyàn nígbà míì lórí ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Kí ó má baà dà bí ohun tó já bọ́ láti ojú ọ̀run, mo padà sí orí kẹrin, mo fi àwọn ìyá àgbà méjì kan síbẹ̀, atúkùn tó ti fẹ̀yìntì. Ọ̀kan mọ ìbẹ̀rẹ̀ orin kan, ìkejì mọ ìparí rẹ̀ nìkan, wọn kì í sì í kọ ọ́ láìjókòó pọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ ka ìwé náà fún mi rò pé àwàdà lásán ni. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. (Mo kọ orin náà tán pátá, ẹsẹ kan péré ló dé inú ìwé.)

Àwọn òǹkàwé àkọ́kọ́ yẹn, n kò bi wọ́n bóyá ó dùn. Ọ̀rẹ́ ò ní sọ fún ọ pé kò dùn. Mo ní kí wọ́n fi àmì sí ibi tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ lọ ṣe nǹkan míì. Àmì wọn kò ara wọn jọ sí ibì kan náà: orí tí mo ti sọ bí ẹgbẹ́ atúkùn ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn olórí rẹ̀, ogun wọn. Mo yọ ọ́. Ó rọrùn fún mi nítorí mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìtàn arẹwà ọmọbìnrin àti ẹranko ilẹ̀ Faransé. Gabrielle-Suzanne de Villeneuve tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1740 ní ìwé gígùn, tó kún fún ìtàn ìdílé àwọn iwin àti ìjà àárín wọn. Ní 1756, Jeanne-Marie Leprince de Beaumont gé gbogbo rẹ̀ kù sí ìtàn kúkúrú, èyí sì ni gbogbo ayé wá mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ju ojú ewé tí mo yọ nù. Èmi ní láti mọ ogun náà kí Àṣàkẹ́ tó lè yẹra fún sísọ ọ́.

Àkópọ̀ ìtàn fún àwọn atẹ̀wéjáde ló gbẹ̀yìn. Ojú ewé kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè, wọ́n sì fẹ́ kí òpin ìtàn wà nínú rẹ̀ kedere. Ẹni tó bá fi òpin pamọ́ kí ó lè múnú wọn dùn láti kà sí i, yóò mú olóòtú rò pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí, pé àwọn méjèèjì fa okùn, wọ́n pín gbèsè. Orúkọ ènìyàn mẹ́rin péré ni mo lò. Mo fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn orí ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ti ṣí fáìlì tuntun fún ìwé kejì, ti àwọn ìyá àgbà méjì náà nígbà èwe wọn.