"Kí lo hun?": bí mo ṣe yege nínú ìdánwò P lẹ́ẹ̀kejì

Máàkì 5 ni mo gbà nígbà àkọ́kọ́. Ìdánwò P tí ẹgbẹ́ Society of Actuaries ti Amẹ́ríkà ń ṣe, láti 0 dé 10 ni máàkì rẹ̀, 6 ni wọ́n sì fi ń yege. Ẹni tó gba 5 ti dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ni kò ṣí. Ohun tó dùn mí jù ni ìwé kékeré kan tí mo ti ń kọ wákàtí ìkàwé mi sí fún oṣù márùn-ún. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò yìí máa ń sọ fún ara wọn pé wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ìdánwò bá gbà, kí ènìyàn fi 100 wákàtí kàwé sílẹ̀ dè é. Wákàtí 3 ni ìdánwò P. Mo ka 312. Mo kún òṣùwọ̀n, mo tún fi ènì lé e, síbẹ̀ mo fìdí rẹmi.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ń lé. Actuary ni ẹni tó ń fi ìṣirò wọn ewu: èló ló yẹ kí ilé iṣẹ́ adójútòfò gbà lọ́wọ́ ènìyàn lónìí kó bàa lè san án nígbà tí òfò bá dé, èló ló yẹ kí a máa yà sọ́tọ̀ lóṣooṣù kí owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ má baà tán kí òun fúnra rẹ̀ tó kú. Mo mọ àwọn àgbà olùkọ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wa ní Kwara yìí. Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni mo rí i pé owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà nìkan, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa lọ́dún gbọgbọrọ sẹ́yìn. Mo fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe é. Ìdánwò P, ti ìṣeéṣe, àti FM, ti ìṣirò owó, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Òmíràn pọ̀ lẹ́yìn wọn.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Tankẹ́, nílùú Ìlọrin. Tí a bá ti jáde ilé ìwé, mo máa ń jẹun, mo máa ń sùn díẹ̀, n ó wá jókòó láti aago méje alẹ́ dé mẹ́wàá. Báyìí ni mo ṣe ń kàwé nígbà náà: mo ń ka orí kan nínú ìwé, mo ń fi bírò aláwọ̀ mẹ́ta fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo ń da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé mi. Ìwé mẹ́ta tó nípọn ló kún. Ìwé náà lẹ́wà, mo sì fẹ́ràn láti máa ṣí i wò. Tí mo bá dé orí ìbéèrè, mo máa ń kà á, n ó ronú bí ìṣẹ́jú kan, n ó wo ìdáhùn tó wà lẹ́yìn, n ó ní, "Háà, mo mọ èyí," n ó sì kọjá.

N kò mọ̀ ọ́n. Ojú mi ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n.

Mo lọ ṣe ìdánwò náà ní Èkó. Ọkọ̀ wa kúrò ní Ìlọrin ní ọ̀sán, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó dá wa dúró, aago mọ́kànlá alẹ́ kọjá kí n tó dé ilé àǹtí mi ní Ìyànà Ìpájà. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo ti wà níwájú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 30, wákàtí 3: ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí kẹrin gba ìṣẹ́jú 15 lọ́wọ́ mi nítorí pé ìtìjú kò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀. Nígbà tí aago kọ̀ǹpútà ku ìṣẹ́jú 20, ìbéèrè mẹ́sàn-án wà tí n kò tíì kà rárá. Ojú ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà sọ pé n kò yege. Máàkì gan-an wá dé lẹ́yìn náà.

Mo padà sílé, mo lọ kí àwọn òbí mi ní Pàkàtà. Bàbá mi wà nídìí òfì lábẹ́ òrùlé páànù lẹ́yìnkùlé, ọ̀kọ̀ ń lọ, ọ̀kọ̀ ń bọ̀. Mo sọ fún wọn pé n kò yege. Wọn kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Ṣé o kàwé?" Mo fi ìwé wákàtí mi hàn wọ́n. "Wákàtí 312, Bàbá." Wọ́n wá dúró, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní:

"Ó dáa. Kí lo hun?"

Kò tètè yé mi. Wọ́n fi ọwọ́ kan aṣọ tó ti ká jọ níwájú wọn. "Bí mo bá jókòó síbí láti òwúrọ̀ dé àsárì, tí òwú ń já, tí mo ń so ó, tí àlejò ń wọlé, tí mo ń kí i, mo jókòó lóòótọ́. Oníbàárà kò ní sanwó ìjókòó fún mi. Aṣọ ni yóò bá mi ná."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pa ìwé wákàtí tì. Mo ra òmíràn, mo fa ìlà mẹ́ta sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan: iye ìbéèrè tí mo ṣe láìwo ìdáhùn, iye tí mo gbà, àti ìdí tí mo fi ṣi èyí tí mo ṣì. N kò kọ àsìkò síbẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ náà fúnra wọn gbé ọ̀pọ̀ ìbéèrè àpẹẹrẹ ti ìdánwò P sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìdáhùn wọn, ọ̀fẹ́ ni, ó sì yà mí lẹ́nu pé mo ti ra ìwé olówó ńlá kí n tó ṣe ìdajì wọn. Mo tẹ̀ wọ́n jáde ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Òkè-Odò, mo gé ìdáhùn kúrò, mo kó o fún ìyàwó mi pé kó bá mi tọ́jú rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ wo ìdáhùn, n ó kọ́kọ́ fi èyí tí mo ṣe hàn án.

Ìlà kẹta ló wo àìsàn mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ìbéèrè náà ní òfò oníbàárà jẹ́ exponential, ìyẹn ni pé òfò kékeré wọ́pọ̀, òfò ńlá ṣọ̀wọ́n, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 1,000. Oníbàárà ni yóò fara gbá 500 àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò yóò san èyí tó bá lé. Èló ni ilé iṣẹ́ yóò san lórí òfò kọ̀ọ̀kan ní ìpíndọ́gba? Mo kọ 1,000. Mo rò pé mo gbọ́n, nítorí mo mọ̀ pé exponential kì í rántí àná: tí òfò bá ti ré 500 kọjá, èyí tó kù níwájú rẹ̀ ṣì jẹ́ 1,000 ní ìpíndọ́gba. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn òfò tó ré 500 kọjá nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn. Gbogbo òfò ni ìbéèrè ń bèèrè, títí kan èyí tí wọn kò san kọ́bọ̀ lé lórí. Ìṣeéṣe pé òfò yóò ré 500 kọjá jẹ́ bíi 0.607. Ìdáhùn jẹ́ 1,000 × 0.607, bíi 607.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣi irú ìbéèrè yìí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Tí kì í bá ṣe pé mo ń kọ ìdí sílẹ̀, n kì bá tí mọ̀ pé ibì kan náà ni mo ń ṣubú sí, nítorí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló wọ aṣọ tirẹ̀: ọkọ̀ ní ibí, ilé ní ọ̀hún, owó ilé ìwòsàn ní ibòmíràn. Mo wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé: GBOGBO ÒFÒ NI, TÀBÍ ÈYÍ TÍ A SAN? Láti ìgbà náà, tí mo bá ti rí iye kan tí oníbàárà ń fara gbá, mo máa ń bi ara mi kí n tó fọwọ́ kan kalikulétọ̀.

Àṣìṣe mi kejì, màmá mi ló là á yé mi. Mo ń ṣe ìbéèrè kan nílé wọn lọ́jọ́ Sátidé, mo ń kùn, wọ́n ní kí ni wọ́n ní kí n wá. Mo sọ ọ́ di ti Ìlọrin fún wọn. Mo ní, nínú àwọn ọlọ́kadà kan, 20 nínú 100 jẹ́ tuntun. Ìṣeéṣe pé tuntun yóò ní ìjàm̀bá lọ́dún jẹ́ 0.10, ti ògbólógbòó jẹ́ 0.02. Ọlọ́kadà kan ti ní ìjàm̀bá. Kí ni ìṣeéṣe pé tuntun ni?

Màmá mi ní, "Ìwọ sọ iye wọn, jẹ́ kí n kà wọ́n."

Mo ní kí a mú 1,000. Tuntun jẹ́ 200, 20 nínú wọn ṣubú. Ògbólógbòó jẹ́ 800, 16 nínú wọn ṣubú. Wọ́n kà á sórí ìka: "36 ló ṣubú. 20 jẹ́ tuntun. Ó ju ìdajì lọ." Bẹ́ẹ̀ ló rí, 20 nínú 36, ìyẹn 5 nínú 9. Odidi oṣù kan ni mo ti fi ń há òfin Bayes, èyí tí a fi ń ṣe irú ìbéèrè yìí, sórí, tí mo ń gbé òkè sí ìsàlẹ̀ nígbà tí ọkàn mi kò bá balẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, 1,000 ènìyàn ni mo máa ń kó jọ, n ó máa kà wọ́n. N kò gbé e ṣì mọ́.

Ní ti àkókò, alẹ́ kò dára fún mi. Iná ń lọ, ara ti rẹ̀ mí láti ilé ìwé. Mo gbé iṣẹ́ sí ìdájí: aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń jí, n ó ṣe ìbéèrè mẹ́rin kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá, n ó ṣe mẹ́rin mìíràn kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mẹ́jọ lójúmọ́. Fóònù ń bẹ ní yàrá kejì. Ọjọ́ tí mo bá ṣe mẹ́jọ ní wákàtí kan, mo ti parí, n kì í fi kún un. Ọjọ́ tí ó bá gbà mí ní mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta náà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀fà ń múra ìdánwò kan náà. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó máa ń pè mí, ọ̀kan nínú wa yóò ṣàlàyé ìbéèrè kan fún èkejì láìwo ìwé. Ibi tí ohùn mi bá ti ń lọ́ra, ibẹ̀ ni n kò mọ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo gba kọ́kọ́rọ́ kíláàsì kan lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé wa. Sátidé mẹ́rin ni mo fi ṣe ìdánwò bí ẹni pé mo wà ní Èkó: ìbéèrè 30, wákàtí 3, kalikulétọ̀ TI-30XS mi lórí tábìlì, omi níta. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìbéèrè sílẹ̀. Ìyípo kìíní, èyí tí mo bá rí ọ̀nà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nìkan. Èkejì, èyí tó nílò ìrònú. Ìkẹta, èyí tó le. Tí ó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, n ó yan ìdáhùn fún gbogbo èyí tó kù, nítorí wọn kì í yọ máàkì fún èyí tí a bá ṣì. Ohun mìíràn tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé díẹ̀ nínú ìbéèrè náà wà fún ìdánrawò ẹgbẹ́ náà fúnra wọn, wọn kò ní kà á mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èyí tó bá ṣàjèjì pátápátá lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ kìíní mo gba 17, ìkejì 19, ìkẹta 18, ìkẹrin 24.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ méjì ṣáájú ni mo ti wà lọ́dọ̀ àǹtí mi. N kò ṣí ìwé lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdánwò, àfi ẹ̀yìn ìwé àṣìṣe mi. Nígbà tí mo jókòó, ìbéèrè kẹta jẹ́ irú èyí tí oníbàárà ń fara gbá apá kan òfò. Mo wo àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò síbẹ̀, mo rí àṣìṣe mi àtijọ́ tó jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn, ó ń dúró de ẹni tí yóò mú un. Mo mí kanlẹ̀. Mo bi ara mi léèrè bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì mú èyí tó tọ́. Ìyípo kìíní fún mi ní 16 láàárín wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ìbéèrè méjì péré ni mo fi àbá yàn.

Mo yege. Alhamdulillah. Mo jókòó síbẹ̀ títí òṣìṣẹ́ wọn fi wá fọwọ́ kàn mí léjìká. Nígbà tí mo pe Bàbá mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá mo ti jẹun. Máàkì tó dé lẹ́yìn náà jẹ́ 7. Mo ka ìwé mi: ìbéèrè 743 láàárín oṣù mẹ́rin, ó ju ìlọ́po mẹ́ta èyí tí mo ṣe nígbà àkọ́kọ́ lọ. N kò mọ wákàtí tó gbà.

FM ni mo ń bá yí báyìí. Mo ti ra kalikulétọ̀ BA II Plus fún un, ìlà mẹ́ta sì wà nínú ìwé tuntun. Àṣìṣe tó wà lókè níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni BGN: mo fi kalikulétọ̀ sílẹ̀ sí ipò owó tí a ń san ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, mo wá fi ṣe ìbéèrè márùn-ún tó jẹ́ ti òpin oṣù, mo ṣi gbogbo wọn. Ìdájí yìí, kí n tó fọwọ́ kan ìbéèrè kìíní, mo ti wo ojú kalikulétọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì.