Lábẹ́ Omi, Rédíò Kì í Pe Fláàṣì: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Pìsín

Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan mòòkùn ẹ̀ẹ̀mẹjọ nítorí mi nínú pìsín kan, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Fọ́tò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúdú kirikiri. Oògùn tí wọ́n ń dà sómi ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n kí n tó mọ ibi tí ẹ̀bi wà: tírígà rédíò, ẹ̀rọ kékeré tí kámẹ́rà fi ń pe fláàṣì tó wà lọ́tọ̀ pé kó tàn, ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Rédíò 2.4 GHz tí ọ̀pọ̀ tírígà ń lò, omi ló ń gbé e mì. Lókè, ó lè la pápá kọjá. Nínú omi, kò ní rìn tó gígùn apá kí ó tó kú. Bátìrì tuntun kò ràn án. Ọ̀nà méjì ló ṣiṣẹ́ fún mi. Ẹ lè fa wáyà jáde látinú àpótí kámẹ́rà, kí tírígà fúnra rẹ̀ léfòó lójú omi, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Tàbí kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ pe ìmọ́lẹ̀: fláàṣì kékeré orí kámẹ́rà á tàn, ojú fláàṣì kejì á rí i, òun náà á tàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nínú ọ̀nà kejì yìí ni TTL, ìlànà tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ fi ń pinnu agbára fláàṣì. Ní TTL, fláàṣì kékeré máa ń kọ́kọ́ bù yẹ̀rì láti wọn ìmọ́lẹ̀, kí kámẹ́rà tó ṣí ojú. Fláàṣì kejì á dáhùn ìyẹn, ó á ti tàn tán kí fọ́tò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi méjèèjì sí manual, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń yan agbára. Ẹ dín agbára ti kékeré kù pátápátá pẹ̀lú, nítorí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì ló wà: ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ inú omi á máa tàn bí eruku ọyẹ́ níwájú iná mọ́tò.

Ẹ má ya fọ́tò náà lọ́sàn-án gangan. Oòrùn á bo ojú fláàṣì tó ń retí àmì. Ìrọ̀lẹ́ ló dára.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni fláàṣì sítúdíò tí wọ́n fà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì wá sétí omi. 220 fóòtì nìyẹn, èèyàn sì wà nínú pìsín! Ti bátìrì ni kí ẹ lò. Òun náà ń kó iná tó lágbára pamọ́ sínú, nítorí náà ẹ gbé àpò iyanrìn lé ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀, kí ẹ sì fi okùn dè é mọ́ nǹkan tí kò lè ṣubú, kí ẹnikẹ́ni tó wọ omi.