Bí A Ṣe Lè Jẹun Kí Ara Sì Rí Oúnjẹ Náà Lò

Kì í ṣe gbogbo ohun tí a jẹ ni ara ń rí lò. Inú ìfun kékeré, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 6 nínú àgbàlagbà, ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èròjà aṣaralóore ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ohunkóhun tí èròjà kan bá sì bá pàdé níbẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ tàbí kó dí i lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àjẹjèrè gbọ́dọ̀ wo ohun tó ń jẹ, kó sì wo ohun tó fi ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ayọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn èròjà irin inú oúnjẹ, tí ara fi ń ṣe ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri. Èyí tó wà nínú ẹran àti ẹja ń tètè wọlé, ṣùgbọ́n ti ewébẹ̀ àti ẹ̀wà kì í yá bẹ́ẹ̀. Fítámì C ló ń sọ ọ́ di irú èyí tí ìfun lè gbà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń jẹ ẹ̀wà, ẹ fi ọsàn tàbí tòmátì tútù kún un lórí ìjókòó kan náà, torí bó bá di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó jẹ ọsàn náà, ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún ẹ̀wà ọ̀sán. Tíì àti kọfí ní tiwọn máa ń di ayọ́ọ̀nù mú, wọn kì í sì í jẹ́ kó kọjá. Kì í ṣe pé mo ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú tíì o; kí ẹ ṣáà jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu ún.

Inú ọ̀rá ni fítámì A, D, E àti K ti ń yòrò, nítorí náà ẹ fi ṣíbí òróró kékeré kan sí ewébẹ̀. Kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì (ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara) 9, nígbà tí ti èròjà afúnnilókun, irú èyí tó wà nínú iṣu àti gàrí, jẹ́ 4. Ara máa ń kó fítámì A tó bá ṣẹ́kù pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, ìdí nìyẹn tí oògùn rẹ̀ tí a ń lò láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà fi lè di májèlé. Fítámì B àti C ń bá omi lọ: ẹ fi omi díẹ̀ se ewébẹ̀, ẹ má sè é pẹ́, ẹ má sì da omi rẹ̀ nù.

Ara kò ní ibi tó ń kó purotéènì pamọ́ sí bó ṣe ń kó ọ̀rá pamọ́, nítorí náà ó sàn kí ẹ pín in sí oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Gíráàmù 0.8 lójúmọ́ fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀n tí a dá fún àgbàlagbà. Ẹni tó bá wọn kìlógíráàmù 60 nílò gíráàmù 48. Nínú 20 ẹ̀yà kéékèèké tó para pọ̀ di purotéènì, 9 wà tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹran lè rí wọn bó bá jẹ ẹ̀wà àti ọkà lọ́jọ́ kan náà, torí èyí tó wọ́n nínú ọ̀kan pọ̀ nínú èkejì. Kí aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu béèrè ìwọ̀n tiwọn lọ́wọ́ dókítà.