Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí iyára RAM kò bá dúró lójú kan nínú kọ̀ǹpútà tuntun

Lóṣù tó kọjá, àbúrò kan tó ń ṣe fídíò gbé kọ̀ǹpútà tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò wá sọ́dọ̀ mi. Ryzen 7000, CPU tí AMD ṣe (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) irú DDR5, tí wọ́n kọ iyára 6000 sára páálí rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, 6000 ni mo rí lánàá. Láàárọ̀ yìí, 4800. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò tàn mọ́.” Ó ti ń múra àtilọ bá ẹni tó ta RAM fún un jà. Bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣe RAM yẹn.

Ẹ má rò pé nọ́ńbà ara páálí máa jáde fúnra rẹ̀. 4800 ni ọ̀pọ̀ DDR5 fi ń bẹ̀rẹ̀. 6000 yẹn wà nínú ètò tí àwọn tó ṣe RAM kọ sínú rẹ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín máa tàn nínú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó ṣí: XMP ni Intel ń pè é, AMD ń pè é ní EXPO. Bí motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, bá gbìyànjú rẹ̀ tí kò ṣeé ṣe, yóò padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí CPU-Z, ètò tó ń fi ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà hàn, bá sì fi 3000 hàn yín, ẹ má pariwo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni DDR ń gbé ẹrù lórí ìlù kan, ìyẹn ni pé 6000 yín pé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò yìí ti wọ́ gan-an ni pé RAM mẹ́rin ló kì bọ̀ ọ́. Ó ra méjì, ó tún padà lọ ra méjì mìíràn, orúkọ kan náà, àwọ̀ kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ ẹbí ni wọ́n jọ wọ̀, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ohun tó wà nínú wọn lè yàtọ̀. AMD fúnra wọn sọ pé Ryzen 7000 máa gbé 5200 bí RAM bá jẹ́ méjì, àmọ́ 3600 péré bó bá di mẹ́rin. Bí 64GB lẹ bá fẹ́, ẹ ra páálí kan tó ní 32GB méjì nínú.

Mo yọ méjì kúrò. Mo fi àwọn méjì tó jọ ti inú páálí kan náà wá sí ihò kejì àti ìkẹrin, tí a bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ CPU, mo sì tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi dún “kà”. Ọ̀pọ̀ ló ń kì wọ́n bọ ihò kìíní àti ìkejì, wọ́n á wá máa bi ara wọn léèrè ìdí tí gbogbo nǹkan fi ń wọ́.

Lẹ́yìn náà, ojú kọ̀ǹpútà dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Àbúrò ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Mo ní, “Jókòó!” Ẹ̀rọ náà ń kọ́ bó ṣe máa bá RAM sọ̀rọ̀ ni. Bí ẹ bá pa á, àtìbẹ̀rẹ̀ ló máa tún bẹ̀rẹ̀. Mo fura pé ohun tó fà á tí “kò fi tàn mọ́” lọ́sàn-án nìyẹn.

Ẹ má ṣàdédé fi kún volt nítorí ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2023, àwọn Ryzen 7000 kan jóná, AMD sì ní kí àwọn tó ń ṣe motherboard má jẹ́ kí iná tó ń wọ SoC, apá CPU tó ń bá RAM sọ̀rọ̀, kọjá 1.3 volt. BIOS tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Kí UPS sì wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń fi í sí i, torí bí iná bá lọ láàárín kan, motherboard lè bà jẹ́.

Pé Windows ṣí kò túmọ̀ sí pé ó ti dára. Ẹ fi MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, sínú flash, kí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Àṣìṣe kan ṣoṣo kò kéré, torí fídíò oníbàárà lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bó bá ṣe àṣìṣe ní 6000, ẹ gbé e wá sí 5600, kí ẹ tún dán an wò. Ohun kan lẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan.

Ti àbúrò dúró ní 6000, kò sí àṣìṣe kankan títí ilẹ̀ fi mọ́. RAM méjì tó ṣẹ́ kù, ó ti ń wá ẹni tó máa rà á.