Bẹ́ ẹ ṣe máa ka sáà bọ́ọ̀lù Notre Dame 1946 kó yé yín dáadáa

Ẹ̀yin ọmọ LAUTECH tẹ́ ẹ wà ní Under G, àti gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lórí fóònù, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sá yẹn, ẹ jẹ́ ká jọ tú sáà kan palẹ̀ lónìí. Ti 1946 ni mo mú, ọdún tí yunifásítì Notre Dame ní South Bend, Indiana, ṣe ipò kìíní. Ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ wo àbájáde o, torí ẹ máa rí i pé wọ́n na tíìmù mẹ́jọ, wọ́n ta ọ̀mì kan, ẹ ó sì pa fóònù dé, kò ní yé yín.

Látinú ogun ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ogun Hitila táwọn àgbà wa máa ń sọ yẹn, ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ bá lọ sí Bọ́mà á tètè mọ ohun tí mò ń wí. Ogun yẹn náà ló kó àwọn ọmọ Notre Dame lọ, kóòṣì wọn Frank Leahy lọ síṣẹ́ ológun ojú omi, Johnny Lujack tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn náà lọ, àmọ́ Army tó máa ń bá wọn gbá a, tíìmù ilé ẹ̀kọ́ ológun ní West Point ni, àwọn ọmọ tiwọn ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lọ ràì. Ẹ mú bírò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 1944, Army 59, Notre Dame 0. 1945, Army 48, Notre Dame 0. Ìyà yìí ló wà nílẹ̀ nígbà tí Leahy àti Lujack padà dé.

Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ fáínà, kò sí nígbà yẹn. Àwọn oníròyìn tí iléeṣẹ́ ìròyìn AP (Associated Press) kó jọ ló ń dìbò fún ẹni tó ṣe ipò kìíní, torí náà ẹ máa wo irú ẹni tí tíìmù kan nà. Illinois tí Notre Dame na 26 sí 6 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ló padà gba Rose Bowl, ìdíje ńlá kan tí wọ́n máa ń gbá lẹ́yìn sáà. Touchdown, ìyẹn kéèyàn gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìparí pápá, jẹ́ pọ́ìntì 6, ìyẹn tó yín fún ìbẹ̀rẹ̀.

9 November gan-an ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò. Yankee Stadium ní New York, èrò lé ní 70,000, Army ò tíì pàdánù látìgbà pípẹ́, síkọ̀ọ̀ sì jẹ́ 0 sí 0. Ẹ wá fídíò rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò sì gùn, ẹ dá a sórí fóònù lóru tí dátà bá rọjú. Doc Blanchard ti Army ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́, géńdé tó gba Heisman 1945, ẹ̀bùn ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù yìí gbá jù ní yunifásítì. Ó já gbogbo wọn sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ pápá lọ, ó ku Lujack nìkan níwájú ẹ̀, Lujack sì bẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó gbé e ṣubú. Ẹ dá a padà, ẹ tún un wò. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù náà ló tún ń dínà, ó dùn mọ́ mi gan-an, torí ti ìsinsìnyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Notre Dame náà súnmọ́ ẹnu góòlù Army, wọ́n dá wọn dúró.

Ẹ wá fo lọ sí 30 November. Navy, tíìmù ilé ẹ̀kọ́ ológun ojú omi, tó borí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iyì lọ́wọ́ Army, 21 sí 18 ló parí sí, Notre Dame sì na USC, yunifásítì kan ní California, 26 sí 6 lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kó gbogbo pọ́ìntì sáà náà jọ: Notre Dame ní 271, wọ́n gba 24 péré wọlé. Òun ni ìbò fi lọ sọ́dọ̀ wọn.

Tẹ́ ẹ bá ṣe èyí tán, ẹ mú 1947 tẹ̀ lé e, torí ọdún yẹn ni Lujack gba Heisman, Army sì wá sí South Bend: Notre Dame 27, Army 7.